Rédíò Inú Ọkọ̀: Ẹ Má Fi Ojú Nìkan Rà Á

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá sí ìdílé yín lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe wáàsí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ó bá fi etí sí i dáadáa yóò rí wáàsí díẹ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rédíò inú ọkọ̀ ni, ẹ̀rọ tí àwọn bàbá wa ń pè ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ẹnì kan lè wí pé, kí ni Ládàánì mọ́sáláṣí mọ̀ nípa rédíò ọkọ̀? Ìdáhùn mi ni pé ìyà ni ó kọ́ mi, ẹni tí ìyà bá sì kọ́ ní ẹ̀kọ́ kì í tètè gbàgbé.

Ní àdúgbò wa ní Ìbàdàn, ìjọ wa ra bọ́ọ̀sì kan, tòkunbọ̀ ni. Owó sàárà ni a fi rà á: ìyá alákàrà mú tirẹ̀ wá, káfíńtà mú tirẹ̀ wá, àwọn ọmọ ilé-kéú pàápàá dá kọ́bọ̀ kọ́bọ̀. Èmi ni wọ́n fi bọ́ọ̀sì náà ṣọ́. Bọ́ọ̀sì yìí kò ní rédíò, ihò lásán ni ó wà níwájú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wa sì fẹ́ máa gbọ́ tafsír àti ìròyìn bí a bá ń lọ sí òde. Wọ́n fún mi lówó, mo gba ọjà lọ.

Mo dé ìsọ̀ kan, mo rí rédíò kan tí ojú rẹ̀ ń tàn pupa, tí ó ń tàn búlúù, tí ó ń tàn bí ọjọ́ Iléyá. Ọkùnrin tí ń tà á ki fíláàṣì kékeré kan bọ̀ ọ́, ohùn sì bú jáde, ó dùn bí oyin. N kò béèrè pé kí ó ṣí ibùdó rédíò kan ṣoṣo fún mi kí n gbọ́. Mo ka owó, mo gbà á. Ọmọkùnrin kan tí ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ́wáyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ náà gbé e wọ inú ọkọ̀ láàárín ààbọ̀ wákàtí. Ó gé wáyà, ó fi eyín bó o, ó lọ́ wọn pọ̀, ó fi téèpù dúdú wé wọn. Mo san owó iṣẹ́, mo tún fi ẹ̀bùn lé e.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni àbùkù kìn-ín-ní yọjú. Lèmọ́mù wa ní kí n ṣí Amúlùúdùn tí ó wà ní 99.1. Mo yí i lọ, mo yí i bọ̀. Bí ó bá ti dé 90, yóò fò padà sí 76. Nígbà tí mo gbé ẹjọ́ lọ bá ẹni tí ó tà á, ó ní ọjà tí a bá ti rà kò ṣeé dá padà, ṣùgbọ́n òun ní ẹ̀rọ kékeré kan tí a ń so mọ́ ẹnu wáyà eríà tí yóò tún un ṣe. Mo tún yọ owó. Lóòótọ́ ni Amúlùúdùn wọlé, ṣùgbọ́n ní 79.1 ni ó ti ń sọ̀rọ̀, nítorí pé ẹ̀rọ náà ń yọ 20 kúrò nínú nọ́ńbà gbogbo ibùdó. Premier FM tí ó wà ní 93.5 kò wọlé rárá. Ẹ bá mi yọ ọ́ wò: 93.5, ẹ yọ 20, ó ku 73.5, bẹ́ẹ̀ rédíò náà kò sì mọ ohun tí ó bá kéré sí 76.

Àbùkù kejì ni ó kó ìtìjú bá wa. Bí a bá yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, rédíò kì í kú. Ọmọkùnrin rẹ́wáyà ti sọ fún awakọ̀ wa pé kí ó máa tẹ bọ́tìnnì kan, yóò dákẹ́. Ó ń dákẹ́ lóòótọ́, ojú rẹ̀ ń ṣókùnkùn, a sì rò pé ó ti kú. Ní alẹ́ Àtìní kan, lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, a gbé bọ́ọ̀sì sí àgbàlá mọ́sáláṣí. Kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án mọ́ títí di òwúrọ̀ Àlàmísì. Bí a ti kí Àsùbáà tán ni ìròyìn dé pé ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ wa ti kú sí ilé ìwòsàn, a óò sì gbé e lọ sí ìlú rẹ̀ lọ sin. Awakọ̀ yí kọ́kọ́rọ́, ẹ̀rọ dún kẹ́kẹ́, ó dákẹ́. Ó tún yí i, kò tilẹ̀ dún mọ́.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, pàṣẹ pé kí a máa yára lórí ètò jáńnásà. A tì bọ́ọ̀sì náà títí, òógùn bò wá. A wá ọkọ̀ mìíràn kiri àdúgbò. Òkú tí à bá ti sin kí ó tó di ọ̀sán, lẹ́yìn ìrun Àlásárì ni a tó sin ín. Ọmọ olóògbé náà kò bú mi. Ó kàn wò mí, ó sì yí ojú padà. Ìbá sàn fún mi kí ó bú mi.

Nítorí náà ni mo ṣe lọ jókòó ti rẹ́wáyà àgbà kan tí ó mọ iṣẹ́, tí mo béèrè ohun gbogbo lọ́wọ́ rẹ̀, tí mo sì kọ wọ́n sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n pín in fún yín, kí owó yín má baà ṣòfò bí tiwa.

Ẹ BÉÈRÈ IBI TÍ RÉDÍÒ NÁÀ TI WÁ

Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni ó ní àyè tí ó yà sọ́tọ̀ fún FM. Ní Nàìjíríà, láti 87.5 títí dé 108 ni. Ní Jàpáànì, láti 76 ni tiwọn ti bẹ̀rẹ̀, ó sì dúró ní 90 fún ọdún púpọ̀. Ní 2014 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí lo 90 sí 95 kún un. Rédíò tí a bá tú kúrò nínú ọkọ̀ tí a ń lò ní Jàpáànì yóò máa wá ibùdó ilẹ̀ Jàpáànì kiri ní Ìbàdàn. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́. Àjèjì ni. Bí ẹ bá rí orúkọ Carrozzeria lára rédíò, ẹ mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ Pioneer ni ó ṣe é, ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n fi ń tà á fún àwọn ará ilé wọn ní Jàpáànì nìyẹn. Àwọn onígíláàsì ńlá tí ń fi àwòrán ọ̀nà hàn tún ní wàhálà tiwọn: bí a bá yọ bátìrì ọkọ̀, òmíràn yóò ní kí a mú káàdì tàbí nọ́ńbà àṣírí wá kí òun tó ṣí, èdè Jàpáànì ni yóò sì fi béèrè.

Ti Amẹ́ríkà sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó ní ìwà tirẹ̀. Rédíò tí a ṣe fún wọn a máa fo 0.2 lẹ́ẹ̀kan: 89.7, 89.9, 90.1. Kò lè dúró gẹ́lẹ́ sí orí 89.75 tí Eko FM wà. Lórí AM, 10 ni wọ́n fi ń fò ní Amẹ́ríkà, 9 ni a fi ń fò ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ibùdó tí ó bá wà ní 756, rédíò Amẹ́ríkà yóò fi 750 sílẹ̀, yóò bọ́ sí 760, yóò sì ré e kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì sọ ọ́ nù. Nínú ọ̀pọ̀ rédíò, àyè kan wà tí a ti lè yí àgbègbè padà láti Amẹ́ríkà sí Yúróòpù tàbí ibòmíràn. Kí ẹ ní kí olùtajà fi hàn yín.

Ọ̀nà tí ó dájú jù lọ nìyí. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ó so wáyà eríà mọ́ ọn, kí ó sì ṣí ibùdó mẹ́ta: ọ̀kan ní ìsàlẹ̀, ọ̀kan ní àárín, ọ̀kan ní òkè. Ní Èkó, ẹ gbọ́ Eko FM ní 89.75, Bond FM ní 92.9, àti Radio Lagos ní 107.5. Ní Ìbàdàn, ẹ gbọ́ Premier ní 93.5, Amúlùúdùn ní 99.1, àti Splash ní 105.5. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wọlé ní nọ́ńbà wọn gan-an, ọ̀rọ̀ ibùdó parí. Bí olùtajà bá kọ̀, tí ó ní fíláàṣì nìkan ni òun lè fi dán an wò, ẹ kí i, kí ẹ sì máa lọ.

Ẹ WỌN IHÒ IWÁJÚ ỌKỌ̀

Ní 1930 ni ilé-iṣẹ́ Galvin ní Amẹ́ríkà gbé rédíò ọkọ̀ tí wọ́n sọ ní Motorola jáde, ní 1932 sì ni Blaupunkt ti Jámánì gbé tirẹ̀ jáde. Ní ayé ìgbà náà, àpótí ńlá ni. Lẹ́yìn náà ni àwọn ará Jámánì fi ìwọ̀n kan lélẹ̀ tí gbogbo ayé tẹ̀lé, tí a ń pè ní DIN. Èyí tí ó kéré fẹ̀ ní 180 mílímítà, ó sì ga ní 50. Èyí tí ó tóbi, tí a ń pè ní DIN méjì, fẹ̀ bákan náà, ṣùgbọ́n gíga rẹ̀ jẹ́ 100. Ihò inú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Toyota fẹ̀ tó 200, nítorí náà rédíò DIN yóò fi àlàfo sílẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì, a ó sì nílò pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì láti fi dí i. Ẹ mú rúlà ọmọ yín tí ń lọ sí ilé-ìwé, kí ẹ wọn ihò náà nílé, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ayùn gé iwájú ọkọ̀ yín nítorí pé rédíò kò wọlé.

WÁÀTÌ TÍ A KỌ SÁRA PÁÁLÍ

Lára páálí ni ẹ óò ti rí i pé “50 W x 4”, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń kọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má jẹ́ kí ó dá yín lójú. Bátìrì ọkọ̀ tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ kì í sábà ju fóólìtì 14.4 lọ. Bí a bá fi ìṣirò gbé e, rédíò tí ó ń lo fóólìtì yìí bí ó ti wà kò lè fún sípíkà 4 ohm ní ohùn mímọ́ tí ó ju nǹkan bíi wáàtì 26 lọ. Ohun tí ó bá kọjá èyí, ariwo ni, ohùn yóò máa ya, kò sì ní pẹ́ tí sípíkà kékeré tí ń mú ohùn tínínrín jáde yóò fi jó. Nínú ìwé rédíò, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ RMS sí. Nọ́ńbà ibẹ̀ ni òtítọ́. Ẹni tí ó kàn fẹ́ gbọ́ kéú àti ìròyìn nínú ọkọ̀ ilé, èyí ti tó o. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ohùn rinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó wá sípíkà tí ó dára ná kí ó tó wá ańpù.

WÁYÀ YẸ́LÒ ÀTI WÁYÀ PUPA

Níbí yìí ni ìdí ọ̀rọ̀ wa wà. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn rédíò tí a ń rà fún ọkọ̀, wáyà mẹ́ta ni olórí. Yẹ́lò ni ti bátìrì: iná kì í kúrò nínú rẹ̀, òun ni kì í jẹ́ kí rédíò gbàgbé aago àti ibùdó tí a ti tò sínú rẹ̀. Pupa ni ti kọ́kọ́rọ́: ìgbà tí a bá yí kọ́kọ́rọ́ nìkan ni iná ń dé inú rẹ̀, òun ni ó ń jí rédíò, òun náà ni ó ń fi oorun kùn ún. Dúdú ni ti ara irin ọkọ̀. Lẹ́yìn wọn ni ti sípíkà, méjì méjì: funfun ni ti iwájú lósì, àwọ̀ eérú ni ti iwájú lọ́tùn-ún, àwọ̀ ewé ni ti ẹ̀yìn lósì, elésè àlùkò sì ni ti ẹ̀yìn lọ́tùn-ún. Èyí tí ó ní ilà dúdú lára nínú méjèèjì ni ẹ̀yìn rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ kan irin ọkọ̀, nítorí pé ó lè ba rédíò jẹ́ pátápátá. Wáyà búlúù ni ti eríà. Bí eríà ọkọ̀ yín bá jẹ́ irú èyí tí ń lo iná, tí a kò sì so búlúù, gbogbo ibùdó ni yóò máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó wà nínú kànga.

Ohun tí ọmọkùnrin ìjọ́sí ṣe fún wa ni pé ó so yẹ́lò àti pupa pọ̀ mọ́ bátìrì. Ó rọrùn fún un bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Kí a sọ pé bátìrì jẹ́ 60 ampere-wákàtí, kí rédíò tí ó dákẹ́ tí kò kú sì máa mu ampere 1 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Láti alẹ́ Àtìní títí di òwúrọ̀ Àlàmísì, ó lé ní wákàtí 56. Kí ni ó kù tí yóò yí ẹ̀rọ ọkọ̀?

Ẹ lè dán iṣẹ́ rẹ́wáyà wò fúnra yín kí ẹ tó sanwó. Ẹ ṣí rédíò, ẹ to ibùdó kan sínú rẹ̀, kí ẹ wá yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Bí rédíò bá kú, tí ó sì rántí ibùdó náà nígbà tí ẹ tún yí kọ́kọ́rọ́, iṣẹ́ dára. Bí ó bá kú ṣùgbọ́n tí ó gbàgbé, ó ṣeé ṣe kí ó ti fi yẹ́lò sí ipò pupa. Ètò wáyà inú àwọn ọkọ̀ Volkswagen kan máa ń ṣi rẹ́wáyà lọ́nà bẹ́ẹ̀. Bí kò bá kú rárá, ẹ rántí bọ́ọ̀sì wa. Bí ẹ bá sì ń gbọ́ ohùn kan tí ń hàn yìn-ìn, tí ó ń ga bí ẹ bá ti ń tẹ ina ọkọ̀, ẹ ní kí ó kọ́kọ́ yẹ ibi tí ó so wáyà dúdú mọ́ wò.

Ohun méjì kù tí ẹ kò gbọdọ̀ gbà. Èkíní, ẹ má gbà kí a gé wáyà ọkọ̀ bí ẹnu ìsopọ̀ tí ó bá ọkọ̀ náà mu bá wà ní ọjà. Bí a bá tilẹ̀ gé e, kí a fi òjé lẹ̀ ẹ́ pọ̀, kí a má kàn lọ́ ọ. Èkejì, bí fíùsì bá jó, ẹ má gbà kí a fi wáyà lásán dí ojú rẹ̀. Fíùsì dàbí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Bí ẹ bá lé ẹ̀ṣọ́ lọ, iná ni yóò wọlé, ọkọ̀ tí ó bá sì gbiná kì í bi wá bí àwọn ọmọ bá wà nínú rẹ̀.

LÍLÒ RẸ̀ PẸ̀LÚ ÌDÍLÉ

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó fẹ́ gbọ́ Àlùkùránì lójú ọ̀nà. Ó dára púpọ̀. Kíké Sheikh Mahmud Khalil al-Husary ti Íjíbítì, tí ó ké Àlùkùránì odindi sínú ẹ̀rọ ní 1961, ṣì wà káàkiri, ó sì wúlò fún ọmọ tí ń kọ́ bí a ti í pe háráfí. Bí ẹ bá fẹ́ kó Súrà 114 sínú fíláàṣì, ẹ fún wọn ní nọ́ńbà láti 001 títí dé 114. Bí ẹ bá kọ 1, 2, 3 lásán, ọ̀pọ̀ rédíò ni yóò ké Súrà kẹwàá kí ó tó ké èkejì. Bí rédíò bá sì ní òun kò rí nǹkan nínú fíláàṣì, ẹ ní kí ọmọ yín tí ó mọ kọ̀ǹpútà tún un tò sí FAT32, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ kó ohun inú rẹ̀ sí ibòmíràn, nítorí pé títò náà yóò pa á rẹ́.

Ẹ rántí pé bí a bá ń ké Àlùkùránì, Súrà Al-Àrọ́ọ́fù, āyà 204, ti sọ ohun tí ó yẹ kí etí àti ẹnu wa ṣe. Kò dára kí Sheikh máa ké, kí bàbá àti ìyá máa jà lórí owó ọbẹ̀ nínú ọkọ̀ kan náà. Bí ọ̀rọ̀ bá wà láti sọ, ẹ pa rédíò ná. Bí àwọn ọmọ bá sì fẹ́ gbọ́ orin tí kò ní ìbàjẹ́ nínú, ẹ pín àkókò fún wọn. Ọmọ tí a kò jẹ́ kí ó gbọ́ ohunkóhun nínú ọkọ̀ bàbá rẹ̀ yóò fi nǹkan di etí, kò sì ní gbọ́ ọ̀rọ̀ bàbá náà mọ́.

Ní oṣù Àwẹ̀, ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú ìrun pípè inú rédíò. Ibùdó tí ó wà ní ìlú mìíràn lè wọlé nípasẹ̀ fóònù àti Bluetooth. Oòrùn a máa wọ̀ ní Maiduguri ní nǹkan bí ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó wọ̀ ní Ìbàdàn. Ẹni tí ó bá fi ìrun pípè Maiduguri ṣínu ní Ìbàdàn ti jẹ gbèsè Àwẹ̀ ọjọ́ kan.

Lékè gbogbo rẹ̀, awakọ̀ kò gbọdọ̀ máa tẹ rédíò kiri nígbà tí ọkọ̀ ń sáré. Ọkọ̀ tí ó ń sá kìlómítà 80 ní wákàtí kan yóò rin nǹkan bíi mítà 22 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹni tí ó bá fi ojú wá ibùdó fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta ti di ojú rin mítà 66. Òfin ìrìnnà wa kò sì gba awakọ̀ láyè láti máa lo fóònù lọ́wọ́. Kí ẹ to ibùdó yín sínú rẹ̀ nílé, kí ẹ ṣe àdúà ìrìn-àjò, kí ẹni tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ máa bójú tó ìyókù. Ẹ má sì gbé ohùn sókè débi tí ẹ kò ní gbọ́ fèrè ọkọ̀ tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

Rẹ́wáyà àgbà náà tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, ó sì tún un dè. Èmi ni mo fi owó ara mi ra rédíò mìíràn, nítorí pé àmánà ni owó ìjọ, èmi ni mo sì fi ojú nìkan ra ti àkọ́kọ́. Èyí tí ó wà níbẹ̀ báyìí kò tàn yòò, ṣùgbọ́n ó mọ Amúlùúdùn ní 99.1, bí a bá sì yọ kọ́kọ́rọ́, ó kú. Ní ọjọ́ kẹjọ, bọ́ọ̀sì náà ni ó gbé wa lọ síbi fìdáù ìyá náà. Ẹ̀rọ jí ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ọmọ rẹ̀ jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò sọ̀rọ̀ títí a fi kúrò ní ìgboro. Lẹ́yìn náà ni ó ní, “Alàájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣí kéú.” Mo ṣí i, gbogbo wa sì dákẹ́.

Kí Ọlọ́hun kẹ́ àwọn òkú wa, kí Ó ṣọ́ wa lójú ọ̀nà, kí Ó má jẹ́ kí a ná owó àmánà sí ohun tí kò ní èrè. Àmín. Mà á sàláàmù.